Mo Pè É Ní Gbẹ́rẹ́

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà bíi tèmi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú. Bí ẹ bá ní nǹkan lórí iná, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo sì fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílùú Àkúrẹ́. Mo ti rí ọmọ tí ebi ń pa tó ń díbọ́n pé òun yó, mo ti rí èyí tí wọ́n nà wá láti ilé tó ní òun ṣubú ni. Mo rò pé kò sí ohun tí ọmọdé lè fi pamọ́ tí ojú mi kò ní tó. Èyí tó wà nínú ilé mi gan-an ni n kò rí. Tàbí kí n kúkú sọ òtítọ́: mo rí i, orúkọ mìíràn ni mo pè é.

Àyọ̀ká ni n ó máa pe ọmọ náà. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yan èyí, ó sì ti ka gbogbo ohun tí mo kọ síbí kí ẹ̀yin tó rí i. Ọmọ ọmọ mi ni. Ìyá rẹ̀, Fúnmi, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, kú nígbà tí Àyọ̀ká wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Ọmọ Oǹdó ni bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá ló ń wà lọ sókè Ọya, ó lè lo oṣù méjì kó tó yọjú. Ni a bá pín ọmọ. Bí ilé ìwé bá wọlé, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ló ń gbé ní Oǹdó. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, ọ̀dọ̀ mi ní Àkúrẹ́. Èmi ni Màmá Àkúrẹ́, ìyẹn ni Màmá Oǹdó. Kò sí ẹni tó bi ọmọ léèrè ibi tó wù ú.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé èmi àti Màmá Oǹdó kò rẹ́. Nígbà tí Fúnmi kú, mo fẹ́ kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní Àkúrẹ́, àwọn ará ọkọ rẹ̀ ní ilé ọkọ ni wọn yóò sin ín sí. Oǹdó náà ni wọ́n sin ín sí. Láti ọjọ́ náà, ìkíni àárín wa kò ju ti èrò inú ọkọ̀ lọ. Bí Àyọ̀ká bá ti dé láti ọ̀hún, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni pé, "Kí ni wọ́n ń sọ nípa mi?" Lónìí, ojú ń tì mí láti kọ ọ́.

Ìsinmi ọdún Àjíǹde ni ó kọ́kọ́ hàn sí mi. Ooru mú débi pé adìẹ ń sá sábẹ́ ọkọ̀ tó dúró. Àyọ̀ká wọ súwẹ́tà ilé ìwé rẹ̀, alápá gígùn, láàárọ̀, lọ́sàn-án.

"Àyọ̀ká, ṣé òtútù ń mú ọ ni?"

"Rárá, Màmá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wù mí."

Ọmọ tó máa ń kọrin bó bá ń gbálẹ̀ kò kọrin mọ́. Oúnjẹ rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. Bó bá wọ balùwẹ̀, a ó gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Mo ní ọmọge ló ń dà. Mo tún ń yangàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ìjọ pé ọmọ tèmi kì í pariwo.

Lọ́jọ́ kan, a ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó ká apá súwẹ́tà náà sókè. Mo rí ìlà tín-ín-rín, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi ti mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn, nítorí kò sí ohun mìíràn tí àwa mọ̀ tó ń rí bẹ́ẹ̀ lára ọmọ. Nígbà tí èmi wà ní kékeré, bí gìrì bá ń mú ọmọ, tàbí tí wọ́n bá lá àlá burúkú sí i, wọ́n á sín in ní gbẹ́rẹ́, wọ́n á fi oògùn ra ojú rẹ̀.

"Ta ló sín ọ ní gbẹ́rẹ́?"

Ó fa apá aṣọ wálẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá wí. Ṣé Màmá Oǹdó ni?"

Ó wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀gúsí tó wà níwájú rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó gbé e sílẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́ o. Èmi ni mo fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ọmọ wá ọ̀nà tí yóò gbà sá, mo sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo mú un lọ sí ilé àdúrà. Wọ́n fi òróró yàn án, wọ́n ní kí gbogbo májẹ̀mú ilé bàbá rẹ̀ já. Àbúrò mi ọkùnrin ní àdúrà nìkan kò tó. "Àǹtí, mo mọ bàbá kan ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ó máa fi ewé fọ apá rẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n fi pa á lára á jáde." A lọ. Ewé náà ta ọmọ lára, ó ké. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà fà á. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé mi, tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan padà, èyí ni n ó mú.

Ilé ìwé wọlé, ó padà sí Oǹdó. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí Màmá Oǹdó pè mí lórí fóònù, ẹni tí kì í pè mí. "Ìyá Fúnmi, ẹ wá bá mi ní Òwénà. N kò ní wá sí ilé yín, ẹ kò sì ní wá sí tèmi." Òwénà ni ìdajì ọ̀nà. Mo wọ ọkọ̀. Mo bá a lábẹ́ àtíbàbà ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, Àyọ̀ká dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú súwẹ́tà.

"Ẹ káàsán, olùkọ́," ni Màmá Oǹdó wí. "Ṣé ohun tí ẹ fi ń gba owó ìfẹ̀yìntì nìyí? Kí ẹ máa sín ọmọ ọlọ́mọ ní gbẹ́rẹ́?"

"Ta ni? Èmi? Ìyá, ẹ má da tiyín lé mi lórí. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀! Èmi tí mo ti ń kọrin nínú ìjọ láti ìgbà tí ẹ ṣì ń jẹ usu nínú ulé yín!"

Ó fi ohùn Àkúrẹ́ sín mi jẹ, "usu" fún iṣu, "ulé" fún ilé. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo ní ẹni tí kò lè tọ́jú ọmọ fún sáà kan kò gbọ́dọ̀ la ẹnu bá ẹlòmíràn wí. Ibẹ̀ ló ti gbàgbé ọ̀wọ̀. "Ìwọ! Ọmọ sọ fún mi pé ìwọ ni!"

"Èmi náà ló sọ fún pé ìwọ ni!"

Mo wò ó, ó wò mí. Bí kì í bá ṣe èmi, tí kì í bá ṣe òun, ta ni?

A yí padà sí Àyọ̀ká. Ó ti rìn kúrò lábẹ́ àtíbàbà, ó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ẹ̀bá títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ gbé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ló na ọwọ́, tó rọra fà á padà wá sábẹ́ ìbòòji.

"Èmi ni," ni Àyọ̀ká wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi ṣe é."

Màmá Oǹdó jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Èmi ní, "Kí la fi ṣẹ̀ ọ́?" Ọmọ náà ní, "Kò sí ẹni tí mo lè sọ fún. Tí mo bá sọ fún yín, ẹ máa bá wọn jà. Tí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á bá yín jà. Ìyá mi ni mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún."

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà lọ́jà yìí, orí ọmọ sì wọ́, nítorí oníkálukú ń fà á sápá tirẹ̀.

Mo mú un bá mi lọ sí Àkúrẹ́ ná, láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù sì ti wọ ara mi. Bó bá wọ yàrá, n ó máa ka ìṣẹ́jú. Bí abọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíṣìnnì, n ó ti dé ibẹ̀ kí abọ́ tó dákẹ́. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. A dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ, àwọn tó wà níwájú wa sì ti kún bẹ́ǹṣì mẹ́rin. Obìnrin kan láti ìjọ wa kọjá, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá, kí ló ṣe yín?" Mo ní ojú ló ń dùn mí. Àyọ̀ká gbọ́ irọ́ yẹn. Ó yí ojú sí ògiri. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ṣe é. Ọmọ tó bá gbọ́ tí ẹ ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́ bí ẹrù olè, yóò gbà pé olè lòun.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò bú u. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè, kì í sì ṣe ìwà burúkú. Ó ní ìbànújẹ́ tó kún inú tí kò rí ọ̀nà jáde ni, ó sì ní ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú irú rẹ̀ kò pọ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa láti padà wá jìnnà. Nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé wa jáde, ó kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú sínú ìwé pélébé fún mi. Ó ní wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí gbogbo ọmọ ń pè ní Àǹtí Bọ́lá ló ń darí rẹ̀. Ọ̀kan wà ní Oǹdó, lọ́wọ́ Alhája kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, òun ló ń rí sí i pé àwọn ọmọbìnrin kò fi ilé ìwé sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, orí fóònù ni wọ́n ti ń bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Èèyàn dáadáa ni gbogbo wọn. N kò rí ẹni burúkú kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àǹtí Bọ́lá ṣí ìwé tuntun, ó ní, "Ó dáa, ọmọ dáadáa, sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀." Àyọ̀ká sọ ọ́. Alhája ṣí ìwé tuntun, ó ní, "Sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀." Àyọ̀ká tún sọ ọ́. Àwọn orí fóònù náà bẹ́ẹ̀. Ikú ìyá rẹ̀, ìjà wa, ewé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ó ń tú u, ó ń dì í. Bó bá ti sọ ọ́ tán, ọjọ́ méjì ni kò ní jẹun. Wọn kò mọ ara wọn rárá. Ti Àkúrẹ́ ní kó sinmi nílé ná. Ti Oǹdó ní kó má ṣe pa ilé ìwé jẹ. Ọ̀kan ní kí a máa yẹ apá rẹ̀ wò, èkejì ní kí a yé yẹ̀ ẹ́ wò. Àti èmi àti Màmá Oǹdó ńkọ́? Oníkálukú gbè sẹ́yìn ti ìlú rẹ̀. "Ti Àkúrẹ́ ló kàwé jù." "Alhája ló mọ ọmọ tọ́." A tún ti rí ohun mìíràn tí a ó fi jà.

Ọjọ́bọ̀ kan, lọ́sàn-án gangan, fóònù mi dún. Màmá Oǹdó ni. "Ìyá Fúnmi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì já. Mo sáré lọ wọ ọkọ̀ Oǹdó.

Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò jìn. Lọ́jọ́ yẹn, ó gùn ju ayé mi lọ. Awakọ̀ dúró ní Òwénà kí obìnrin kan lè ra ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ń dúnàádúrà. Mo ń wo ibi tí Àyọ̀ká dúró sí lẹ́bàá títì níjọ́sí, mo ń sọ lọ́kàn mi pé, Ọlọ́run, ẹ̀yin ti gba ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ó wà láàyè. Wọ́n tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti di ojú ọgbẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Màmá Oǹdó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, gèlè rẹ̀ wà nílẹ̀, kò mọ̀. Alhája dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àyọ̀ká la ojú, ó rí mi, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyí:

"Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Alhája gbọ́. Ó fà mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Màmá, ta ló tún ń bi í yàtọ̀ sí èmi?" Mo sọ fún un. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pe Àǹtí Bọ́lá lójú ẹsẹ̀. "Àbúrò mi, o ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ ọ́. Ọmọ kan náà ni àwa méjèèjì ń fà ya." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Nígbà tí ara ọmọ balẹ̀, Òwénà ni wọ́n ti pàdé, nínú kíláàsì kan tí wọ́n yá wa lọ́jọ́ Sátidé. Àǹtí Bọ́lá wá láti Àkúrẹ́, Alhája wá láti Oǹdó, àwọn orí fóònù rán ẹnì kan. Àyọ̀ká ni wọ́n kọ́kọ́ bi: "Ṣé o gbà kí a ka ohun tó o sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa papọ̀?" Ó ní òun gbà, àfi ibì kan tí òun kò fẹ́ kí bàbá òun gbọ́. Wọ́n fi bírò pa á rẹ́ lójú rẹ̀. Ìwé mẹ́ta di ẹyọ kan, ọwọ́ Àyọ̀ká ni ìwé náà sì wà títí dòní. Ẹni tuntun tó bá fẹ́ mọ̀, òun ni yóò nawọ́ ìwé sí i. Wọ́n pín iṣẹ́: ti Alhája ni bí ilé ìwé bá wọlé, ti Àǹtí Bọ́lá ni bí ìsinmi bá dé, àwọn orí fóònù wà fún ìgbà tí gbogbo wa bá sùn. Ohun kan náà ni wọ́n á jọ máa sọ. Àwọn ni wọ́n bá wa tọ dókítà lọ kí ọjọ́ wa lè tètè kò.

Àǹtí Bọ́lá wá yíjú sí àwa ìyá méjì. "Ẹ̀yin màmá, ẹ má bínú sí mi o. Ohun tí àwa ẹgbẹ́ ṣe sí ọmọ yìí, ilé yín ni a ti kọ́ ọ."

Màmá Oǹdó ní, "Bọ́lá yìí lẹ́nu o." Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì.

Ó ku ohun kan. Àǹtí Bọ́lá ní kí Àyọ̀ká yan ọ̀rọ̀ kan. Bí nǹkan náà bá ti ń bọ̀ lára rẹ̀, kó má ṣàlàyé, kó sọ ọ̀rọ̀ yẹn nìkan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, yóò jókòó tì í, kò ní kígbe, kò ní béèrè ìdí, kò ní fa apá rẹ̀ wò. Mo rò pé orúkọ ìyá rẹ̀ ni yóò mú. Ọmọ náà wò mí, ó wo Màmá Oǹdó, ẹ̀rín sì yọ díẹ̀ ní etí ẹnu rẹ̀.

"Gbẹ́rẹ́."

"Jésù!" ni Màmá Oǹdó ké.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò ní gbàgbé ìyẹn láé," ni Àyọ̀ká wí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu gbogbo wa, ẹkún sì tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá ń ka èyí, tó ti rí ohun tí mo rí lára ọmọ rẹ̀: má nà án. Má mú un lọ sí ibi tí wọn yóò ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ó bá ti farapa, ilé ìwòsàn ni kó o kọ́kọ́ sáré lọ, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Kó gbogbo ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nílẹ̀. Má fi ìdáhùn sí i lẹ́nu bí mo ti ṣe. Béèrè, kó o sì dákẹ́. Wá àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó o sì rí i pé wọ́n mọ ara wọn. Ìwọ ọmọ tó bá sì ń kà á, sọ fún àgbàlagbà kan. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbọ́ ọ yé, bí èmi kò ṣe gbọ́ ọ yé, tún sọ fún ẹlòmíràn.

Bí a ti wà nìyí. Ó ti lé ní ọdún kan. Àyọ̀ká ń múra ìdánwò àṣejáde. Ó ti padà ṣe é lẹ́ẹ̀kan nígbà ọyẹ́, n kò ní pa irọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kì í ṣe pé gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́, wọ́n sì dúró tì wá. Ìbẹ̀rù kò kúrò lára mi. Mo ṣì ń ka ìṣẹ́jú.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ń se ẹ̀wà. Oòrùn ràn, rédíò ń sọ̀rọ̀. Àyọ̀ká yọ sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ojú rẹ̀ ti fún pọ̀. "Màmá," ló wí. "Gbẹ́rẹ́."

Mo ju ṣíbí sílẹ̀. Mo jókòó tì í lórí àkàsọ̀ ẹ̀yìnkùlé, èjìká mi kan tirẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Àyà mi ń lù kìkì, mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, mo tẹ fóònù, mo gbé e sáàárín wa. Màmá Oǹdó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, òun náà kò béèrè nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa bí ewúrẹ́ aládùúgbò ṣe wọ inú ìjọ wọn, tó jẹ ìwé ìkéde. Lẹ́yìn náà ló ní, "Òórùn kí ni mo ń gbọ́ láti Oǹdó níbí? Olùkọ́, ṣé kò sí nǹkan tó ń jó nínú ulé yín?"

Ẹ̀wà ti jóná kanlẹ̀. Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín. A bu èyí tó wà lókè, a jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan, pẹ̀lú òórùn èéfín rẹ̀. Nígbà tó tán, ọmọ náà na abọ́ sí mi, ó ní kí n tún bù sí i.